Àrokò Ẹ̀gbá àti Àwọn Àmì tí A Kò Tíì Lè Kà: Ìbéèrè lórí Fífi Àmì Sínú Kọ̀ǹpútà

1. Ìfáàrà

Láti ìgbà tí a ti ń fi kọ̀ǹpútà kọ ìwé, ìbéèrè kan wà tí àwa tí a ń kọ́ nípa ìtàn kì í sábà bi ara wa: kí ni a ṣe gan-an nígbà tí a bá sọ pé a ti fi àmì kan sínú kọ̀ǹpútà? Ìdáhùn rẹ̀ rọrùn bí ó bá jẹ́ lẹ́tà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn àmì àtijọ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì lè kà títí di òní, síbẹ̀ wọ́n ti wà nínú kọ̀ǹpútà, a sì lè tẹ̀ wọ́n bí a ti ń tẹ a, b, d. A ti fún wọn ní ipò àti orúkọ, bẹ́ẹ̀ a kò mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Iṣẹ́ yìí fẹ́ gbé ìbéèrè náà wá sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Kí ìwé kíkọ tó gbilẹ̀ láàrin wa, àrokò jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ọ̀nà tí àwọn Ẹ̀gbá àti àwọn ẹ̀yà Yorùbá yòókù fi ń ránṣẹ́ sí ẹni tí ó jìnnà. Nísinsìnyí tí gbogbo ohun àtijọ́ ń wọ inú kọ̀ǹpútà, kò ní pẹ́ tí ẹnìkan yóò dábàá pé kí a to àwọn àmì àrokò lẹ́sẹẹsẹ, kí a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe fún àwọn àmì àtijọ́ tí a kò lè kà. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé irú ètò bẹ́ẹ̀ kò lè bá àrokò mu. Ẹyọ tí àrokò fi ń sọ̀rọ̀ kì í ṣe ohun tí ojú rí. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ohun náà ń pè wá sí ọkàn ni. Bí a bá to àwọn ohun náà tí a sì fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, a ó ní àkójọ tí ó mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n àrokò kò ní sí nínú rẹ̀.

A ó kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń fi àmì tí a kò lè kà sínú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ni a ó wo ohun tí ojú lẹ́tà Yorùbá tìkára rẹ̀ ti rí láti Abẹ́òkúta títí dé inú kọ̀ǹpútà. Nígbà náà ni a ó tú àrokò kan tí ó jẹ mọ́ ogun Dàhómì àti Abẹ́òkúta, kí a tó sọ ohun tí a rò pé ó yẹ ní ṣíṣe.

2. Bí a ṣe ń fi àmì tí a kò lè kà sínú kọ̀ǹpútà

Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà; nọ́ńbà nìkan ni ó mọ̀. Nítorí náà, kí ohun tí a kọ ní Abẹ́òkúta tó lè hàn bákan náà ní Lọ́ńdọ̀n tàbí ní Tókíò, gbogbo ayé ní láti fẹnu kò lórí nọ́ńbà tí yóò máa dúró fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Àdéhùn yìí ni a ń pè ní Unicode. Ọdún 1991 ni ẹ̀dà rẹ̀ kìn-ín-ní jáde. Àmì kọ̀ọ̀kan tí ó bá wọ inú rẹ̀ ń gba nọ́ńbà kan àti orúkọ kan.

Òfin méjì wà nínú àdéhùn náà tí ó yẹ kí òpìtàn fi sọ́kàn. Èkínní ni pé nọ́ńbà tí a bá ti fún àmì kan, a kò ní gbà á padà mọ́, a kò sì ní gbé e fún àmì mìíràn. Èkejì ni pé orúkọ tí a bá ti fún un, a kò ní yí i padà. Ọ̀kan nínú àwọn àmì àkámọ́ tí wọ́n ń lò nínú ìwé àwọn ará Ṣáínà àti Jàpáánù ní àṣìkọ nínú orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì: lẹ́tà méjì ló gba ipò ara wọn. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé àṣìkọ ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè tún un ṣe nínú orúkọ náà. Ìdí tí wọ́n fi ṣe òfin yìí yé wa: bí nọ́ńbà bá ń yí padà, ìwé tí a kọ lánàá kò ní ṣeé kà lọ́la. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé ẹni tí ó bá ṣi àmì tò, ó ṣi í tò títí láé ni.

Báwo ni àmì tí a kò lè kà ṣe rí àyè nínú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a wo Àwo Phaistos. Ní ọdún 1908 ni Luigi Pernier, ará Ítálì, rí àwo amọ̀ yìí ní ààfin àtijọ́ kan ní erékùṣù Krete. Ojú méjèèjì àwo náà kún fún àmì tí wọ́n tò yípo láti etí dé àárín. Oríṣi àmì márùn-dín-láàádọ́ta (45) ni ó wà lórí rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó tíì rí ìtumọ̀ rẹ̀ tí gbogbo onímọ̀ tẹ́wọ́ gbà. Síbẹ̀, ní ọdún 2008, Unicode fún àwọn àmì náà ní nọ́ńbà. Orúkọ tí wọ́n fún wọn kò sọ ìró tàbí ìtumọ̀ kankan. Ohun tí àmì náà jọ ni wọ́n fi pè é. Èkínní ni wọ́n pè ní ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn, èkejì sì ni orí tí a fi ìyẹ́ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí nípa ìkọ̀wé Krete kejì, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Linear A. Ọdún 2014 ni òun náà wọ inú Unicode, pẹ̀lú àmì ọ̀tàlélọ́ọ̀ọ́dúnrún ó dín mọ́kàndínlógún (341). Àbúrò rẹ̀, Linear B, ti di kíkà láti ọdún 1952 nígbà tí Michael Ventris fi hàn pé èdè Gíríìkì àtijọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n èdè tí ó wà lábẹ́ Linear A ṣì pa mọ́.

Ohun tí ó mú kí èyí ṣeé ṣe ni pé dídá àmì mọ̀ àti mímọ ìtumọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Ẹni tí kò gbọ́ Lárúbáwá lè mọ̀ pé àmì kan tún padà wá ní ìlà kejì. Lórí Àwo Phaistos, èdìdì ni wọ́n fi tẹ àmì kọ̀ọ̀kan sára amọ̀ tútù. Ẹni tí ó ṣe é ti sọ fún wa fúnra rẹ̀ èyí tí ó jẹ́ ọ̀kan náà àti èyí tí ó yàtọ̀. Nínú Linear A, ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́, nítorí náà àwọn onímọ̀ ní láti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe àfiwé kí wọ́n tó lè ní àtòkọ. Ṣùgbọ́n nínú méjèèjì, àmì náà ní ojú tí kì í yí padà púpọ̀, ó ń padà wá léraléra, ó sì tò tẹ̀lé ara rẹ̀ lórí ìlà. Níbi tí nǹkan mẹ́ta yìí bá wà, a lè fún àmì ní nọ́ńbà kí a tó mọ ohun tí ó ń wí.

3. Lẹ́tà Yorùbá láti Abẹ́òkúta dé inú kọ̀ǹpútà

Kí a má baà rò pé àmì tí a kò lè kà nìkan ni ó ní wàhálà, ó yẹ kí a wo lẹ́tà tiwa. Ní ọdún 1854 ni Henry Townsend, òjíṣẹ́ C.M.S., dá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Láti ibẹ̀ ni *Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá* ti jáde ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 1859, tí ó sì ń jáde lọ títí di ìgbà Ìfọ́lé ní ọdún 1867, nígbà tí wọ́n lé àwọn òyìnbó kúrò ní ìlú. Lẹ́tà tí wọ́n ń tẹ̀ nígbà náà jẹ́ èso iṣẹ́ Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìmọ̀ràn Lepsius, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì tí ó gbé ìlànà ìkọ̀wé rẹ̀ jáde ní ọdún 1855. Ìpàdé tí C.M.S. ṣe ní Èkó ní ọdún 1875 tún fi ìdí púpọ̀ nínú rẹ̀ múlẹ̀. Nínú ìlànà yìí ni a ti ń fi àmì sí abẹ́ e, o àti s.

Àmì abẹ́ lẹ́tà yìí ni ó fa ọ̀rọ̀. Àwọn kan ń tẹ̀ ẹ́ bí ìlà kékeré tí ó dúró ṣánṣán, àwọn mìíràn ń tẹ̀ ẹ́ bí àmì tóótó. Lójú ẹni tí ó ń ka Yorùbá, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Kò sí ọmọ ilé-ìwé kan tí yóò sọ pé ọ̀rọ̀ yí padà. Ṣùgbọ́n nínú Unicode, nọ́ńbà ọ̀tọ̀ ni ìlà ní, nọ́ńbà ọ̀tọ̀ ni tóótó ní, kọ̀ǹpútà kò sì kà wọ́n sí ọ̀kan náà. Ní ti ẹ àti ọ tí a fi tóótó sí lábẹ́, nítorí èdè Vietnam ni wọ́n ṣe ní nọ́ńbà tiwọn lódidi, kì í ṣe nítorí Yorùbá. Bí a bá wá fi àmì ohùn lé wọn lórí, kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ó dúró fún àpapọ̀ náà. A ní láti so nọ́ńbà méjì tàbí mẹ́ta pọ̀.

Ẹ wo ohun tí ó ń ti ibẹ̀ jáde. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá wá ọ̀rọ̀ náà "Ẹ̀gbá" nínú àkójọ ìwé àtijọ́ tí a ti tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, tí ó sì fi tóótó kọ ọ́, kọ̀ǹpútà lè fo gbogbo ibi tí wọ́n ti fi ìlà kọ ọ́, yóò sì sọ fún un pé kò sí. Orúkọ ẹ̀yà wa wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n a kò rí i. Èdè tí gbogbo wa ń sọ, tí gbogbo wa lè kà, ni èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tí ó pinnu ohun tí yóò jẹ́ ẹyọ kan kò bi àwọn tí ó ni èdè léèrè ohun tí ó jẹ́ ọ̀kan náà lójú wọn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún lẹ́tà tí ó yé wa, ó yẹ kí a ṣọ́ra gidigidi nípa àmì tí ìtumọ̀ rẹ̀ ń bọ́ lọ́wọ́ wa.

4. Àrokò ẹni tí Dàhómì kó lẹ́rú

Ogun Dàhómì kọlu Abẹ́òkúta ní oṣù Kẹta ọdún 1851 lábẹ́ ọba Gézò, ó sì tún kọlù ú ní oṣù kan náà ní ọdún 1864 lábẹ́ Glèlè. Ìgbà méjèèjì ni àwọn Ẹ̀gbá lé e padà, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. C. A. Gollmer, òjíṣẹ́ C.M.S. tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Àgbádárìgì àti ní Èkó, kọ nípa ọ̀kan nínú irú wọn nínú àròkọ lórí àrokò tí ó jáde ní Lọ́ńdọ̀n ní ọdún 1885. Onígbàgbọ́ kan ni ọkùnrin náà tí àwọn ará Dàhómì mú lọ. Láti inú ìgbèkùn ni ó ti fi àrokò ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀. Nǹkan márùn-ún ni ó wà nínú rẹ̀: òkúta, èédú, ata, àgbàdo yíyan àti àkísà.

Gollmer sọ ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Òkúta ń sọ pé ara ọkùnrin náà le. Èédú ń sọ pé ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ ṣókùnkùn. Ata ń sọ pé ọkàn rẹ̀ gbóná. Àgbàdo yíyan ń sọ pé ìyà ti mú kí ara rẹ̀ gbẹ. Àkísà ń sọ pé aṣọ ọrùn rẹ̀ ti gbó.

Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìtumọ̀ yìí dà bí àfiwé márùn-ún tí ọkùnrin náà ronú jinlẹ̀ kí ó tó rí: bí òkúta ti rí ni èmi náà rí, bí èédú ti rí ni ọ̀nà mi rí. Ṣùgbọ́n bí a bá dá a padà sí Yorùbá, ní èrò tiwa, ojú rẹ̀ yí padà. A kò nílò àfiwé kankan láti so òkúta mọ́ ìlera. Nígbà tí a bá ń kí ara wa, ohun tí a ń bèèrè ni pé, "Ṣé ara le?" Òkúta le, ara mi le. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni a ń sọ nípa ẹni tí ó rù pé ó gbẹ. Àgbàdo tí a yan gbẹ, èmi náà gbẹ. Àkísà gbó, aṣọ mi gbó. Ata gbóná, ọkàn mi gbóná. Ìyàwó tí ó tú ẹrù náà kò ní láti wá ìtumọ̀ lọ jìnnà. Bí ó ti ń dárúkọ ohun tí ó ń ṣe ohun kọ̀ọ̀kan ni ó ń gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀.

Àlàyé yìí ni ó fi ibi tí ẹyọ àrokò wà hàn. Ẹyọ náà kì í ṣe òkúta, "le" ni. Kì í ṣe àgbàdo, "gbẹ" ni. Bí ó bá jẹ́ àgbàdo tútù ni ó dì mọ́ ọn, irúgbìn kan náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti dòdì. Bí ó bá jẹ́ aṣọ titun ni ó fi sí ipò àkísà, aṣọ ṣì ni, ṣùgbọ́n ìròyìn náà ti di irọ́. Ẹni tí ó bá to àmì àrokò gẹ́gẹ́ bí a ti to àmì Phaistos, tí ó kọ ọ́ pé "òkúta, nọ́ńbà kìn-ín-ní, àgbàdo, nọ́ńbà kẹrin", ti fún ohun tí kò sọ̀rọ̀ ní nọ́ńbà, ó sì ti fi èyí tí ó ń sọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Síwájú sí i, òkúta kan náà lè pe ju ọ̀rọ̀ kan lọ wá sí ọkàn. Ó le, ó sì wúwo. Lójú Ẹ̀gbá tí ó ti sá di abẹ́ Olúmọ ní nǹkan bí ọdún 1830, nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó àwọn ènìyàn rẹ̀ dé ibẹ̀, òkúta tún jẹ́ ibi ìsádi, òun ni ó sì fún ìlú lórúkọ. Èwo nínú ìwọ̀nyí ni ó wà nínú àrokò kan? Àwọn ohun tí ó yí i ká, ẹni tí ó fi í ránṣẹ́, ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí àti àkókò rẹ̀ ni yóò sọ. Òkúta nìkan kò lè sọ ọ́.

5. Owó ẹyọ àti ìró iye

Àtakò kan lè dìde síbí. Ẹnìkan lè sọ pé àrokò ẹni tí Dàhómì kó lẹ́rú jẹ́ ohun tí ènìyàn kan hun fúnra rẹ̀ nínú ìpọ́njú, pé àrokò owó ẹyọ ni ó ní ètò tí ó dúró, tí a sì lè tò. Lóòótọ́ ni pé owó ẹyọ ń padà wá léraléra. Ní ọdún 1887, G. W. Bloxam ṣe àfihàn àwọn àrokò kan ní Lọ́ńdọ̀n, àwọn tí J. A. Òtúnba Payne, akọ̀wé àgbà ilé-ẹjọ́ ní Èkó tí ó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, pèsè àlàyé wọn. Owó ẹyọ pọ̀ nínú wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí owó ẹyọ ṣe ń sọ̀rọ̀. Owó ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé ọkàn ẹni tí ó ránṣẹ́ fà sí ẹni tí a ránṣẹ́ sí, nítorí pé ẹ̀fà ni a ń kà á, "fà" sì wà nínú rẹ̀. Owó ẹyọ mẹ́jọ ń sọ pé a jọ wà, a jọ rò ó, nítorí pé ẹ̀jọ ni a ń kà á. Bí owó méjì bá kọjú sí ara wọn, ìfẹ́ àti ìpàdé ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn sí ara wọn, ìjà ni. Nínú gbogbo èyí, owó ẹyọ kan ṣoṣo kò sọ nǹkan kan. Iye ni ó ń sọ̀rọ̀, ìró iye náà lẹ́nu Yorùbá ni ó sì fi ń sọ ọ́. Tàbí kí ó jẹ́ ibi tí owó kọjú sí. Ẹni tí ó bá ka owó mẹ́fà lédè Gẹ̀ẹ́sì tàbí lédè Faransé lè kà á títí di alẹ́, "fà" kò ní jáde. Nítorí náà, àrokò owó ẹyọ tilẹ̀ so mọ́ èdè ju ti ẹni tí Dàhómì kó lẹ́rú lọ.

Ibí yìí ni àrokò ti yàtọ̀ pátápátá sí Linear A. Linear A ní ojú àmì, kò ní èdè tí a mọ̀. A ń dúró de èdè kí àmì tó lè sọ̀rọ̀. Àrokò ní èdè, èdè náà sì wà láàyè. Ojú àmì ni kò dúró sójú kan. Òògùn tí a fi wo àìsàn kìn-ín-ní kò lè wo èkejì.

6. Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

A mọ̀ pé àwọn kan yóò fẹ́ kí àrokò wọ inú Unicode nítorí iyì. Àwọn ìkọ̀wé ilẹ̀ Áfíríkà kan ti wọ̀ ọ́: ti àwọn Vai ní Làìbéríà wọ̀ ọ́ ní ọdún 2008, bẹ́ẹ̀ ni N'Ko ti wọ̀ ọ́ ṣáájú rẹ̀ ní ọdún 2006. Ṣùgbọ́n ìkọ̀wé tí ó ní ojú àmì tí ó dúró ni ìwọ̀nyí, àwọn tí ó ni wọ́n sì ń fi wọ́n kọ ìwé. Iyì àrokò kò sí nínú pé ó jọ wọ́n.

Ohun tí a dábàá ni pé kí a máa fi àrokò pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí odidi iṣẹ́ kan tí a rán, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí àkójọ àmì. Àrokò kọ̀ọ̀kan ni kí ó ní nọ́ńbà, kì í ṣe ohun kọ̀ọ̀kan tí ó wà nínú rẹ̀. Lábẹ́ nọ́ńbà yìí ni kí a kọ àwọn nǹkan wọ̀nyí sí:

(i) ohun tí ó wà nínú rẹ̀ àti ipò tí ó wà: tútù tàbí gbígbẹ, titun tàbí gbígbó, odidi tàbí ààbọ̀;

(ii) iye, bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn lórí okùn, àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjú sí;

(iii) ẹni tí ó pa àrokò náà, ẹni tí a pa á fún, ẹni tí ó gbé e lọ àti ohun tí ó fà á;

(iv) ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ohun kọ̀ọ̀kan ń pè, pẹ̀lú àmì ohùn, kí a sì lo irú àmì abẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo jákèjádò.

Ẹ̀kẹrin yìí ni ó ṣòro jù, òun náà ni ó sì ṣe pàtàkì jù. Púpọ̀ nínú ohun tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún kọ sílẹ̀ nípa àrokò, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Iṣẹ́ òpìtàn ni láti dá a padà sí Yorùbá, kí ó sì gbé ohun tí ó bá rí lọ síwájú àwọn àgbà ní Aké, ní Òkè-Ọnà, ní Gbàgúrá àti ní Òwu, kí wọ́n lè sọ bóyá bẹ́ẹ̀ ni àwọn yóò ti gbọ́ ọ. Bí ìdáhùn wọn bá yàtọ̀ síra, kí a kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àdúgbò tí ó ti wá. Àkọsílẹ̀ irú èyí ṣeé tún ṣe nígbàkígbà tí ìmọ̀ bá pọ̀ sí i. Nọ́ńbà Unicode kò ṣeé tún ṣe.

7. Ìgúnlẹ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti gbìyànjú láti fi hàn pé fífi àmì tí a kò lè kà sínú kọ̀ǹpútà ṣeé ṣe níbi tí àmì bá ní ojú tí ó dúró, tí ó ń padà wá, tí ó sì tò lórí ìlà. A ti fi lẹ́tà Yorùbá, láti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Abẹ́òkúta títí dé Unicode, ṣe àpẹẹrẹ pé ìpinnu lórí ohun tí yóò jẹ́ ẹyọ kan lè pa ohun tí a mọ̀ dáadáa mọ́ wa lójú. A sì ti fi àrokò ẹni tí Dàhómì kó lẹ́rú àti ti owó ẹyọ sọ pé ẹyọ àrokò wà lẹ́nu àwọn tí ń sọ Yorùbá, kò sí lára òkúta tàbí owó.

Àwọn onímọ̀ Linear A ní ojú àmì lọ́wọ́, wọ́n sì ń wá èdè rẹ̀. Tiwa yàtọ̀: èdè kò tíì sọnù lọ́wọ́ wa. Bí a bá jẹ́ kí àrokò wọ inú kọ̀ǹpútà láìsí ọ̀rọ̀ Yorùbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwa fúnra wa ni a ó ti sọ ohun tí ó ṣeé kà di ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè kà mọ́.